Ta ló ní àdákọ́ ni kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú kọ́ńpáùn wa ní Kubwa, Àbújá níbí, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo ọ̀sán Sátidé tí wọ́n bá ń kọjá, tí wọ́n rí àwa mẹ́fà tí a yí kọ̀ǹpútà kan ká, wọ́n á dúró, wọ́n á mirí, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kan, wọn ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ yín níwèé, kí ló wá dé tí ẹ jókòó bí ẹni ń ta ayò? Ẹni tó bá lè ṣe é, kó dá a ṣe. Èyí tí ẹ ń jọ ṣe yìí, jíjí ìwé wò ni."

A ní kí wọ́n má bínú, a rẹ́rìn-ín, a bá iṣẹ́ wa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì gbà bẹ́ẹ̀: á ní òun ò ní ọpọlọ tí òun á fi dá a kọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó sì pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kẹta náà gbà bẹ́ẹ̀: á ní òun ò ní ìforítì. Kò sí èyí tó ronú pé ó lè jẹ́ pé ènìyàn ni òun ò ní.

Kọ́ọ̀sì tí mò ń sọ ni àwọn tí yunifásítì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé: kò sí JAMB, ẹni tó bá ní fóònù àti dátà lè wọlé. MOOC ni wọ́n ń pè é. Dave Cormier, ará Kánádà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ní 2008, kọ́ọ̀sì tó sì ń tọ́ka sí nígbà náà ni èyí tí George Siemens àti Stephen Downes ń ṣe ní Yunifásítì Manitoba. Akẹ́kọ̀ọ́ 25 ló sanwó fún un. Àwọn tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ibi gbogbo lé ní 2,000. Kálukú ń kọ èrò tirẹ̀ síbi tó wù ú, wọ́n ń ka ti ara wọn, wọ́n ń jiyàn, àwọn olùkọ́ sì ń ṣa ọ̀rọ̀ tó jáde lọ́jọ́ kan jọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún dá lé lórí gan-an ni pé ìsopọ̀ àárín ènìyàn ni ìmọ̀ ń gbé, kì í ṣe inú orí ẹnì kan.

Bàbá àgbẹ̀ tó bá gbọ́ èyí á ní, ṣebí àáró nìyẹn.

Báwo wá ni a ṣe dé ibi àdákọ́, pé kí ẹnì kan dá kẹ́kọ̀ọ́? Ní 2011, olùkọ́ méjì, Sebastian Thrun àti Peter Norvig, ṣí kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè ronú bí ènìyàn. Nǹkan bí 160,000 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀. Ayé hó. Kí 2012 tó parí, Coursera, ìkànnì tó ń gbé irú kọ́ọ̀sì yìí síta, ti dé, edX, irú rẹ̀ tí yunifásítì MIT àti Harvard jọ gbé kalẹ̀, náà ti dé. Ìgbà yẹn ni àwòrán tó wà lọ́kàn wa títí di òní wọlé: olùkọ́ kan nínú fídíò, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ki íápíìsì bọ etí, ilẹ̀kùn títì. Ti 2011 la rí. Ti 2008 ò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí MIT fi síta lọ́nà yìí ní 2012, èyí tó dá lórí bí iná ṣe ń rìn nínú àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì. Ó lé ní 154,000 tó forúkọ sílẹ̀; 7,157 ló gba ìwé ẹ̀rí. Nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn, 340 péré ló gba máàkì gbogbo láìsí àléébù. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ọdún 15 kan ní Mòǹgólíà, Battushig Myanganbayar. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ohun tí àwa gbọ́ ni pé ọmọdé kan jókòó sí ìlú Ulan Bator, ó dá ẹ̀kọ́ MIT kọ́, ó sì fàgbà han àwọn àgbà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí o. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ni ará Mòǹgólíà àkọ́kọ́ tó gboyè ní MIT, òun ló sì kó àwọn ọmọ náà jọ sínú kọ́ọ̀sì ọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti Stanford gbéra wá sọ́dọ̀ wọn, ó kó irinṣẹ́ dání, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn so wáyà pọ̀. Battushig fúnra rẹ̀ ń ṣe fídíò tó fi ń ṣàlàyé ibi tó le fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní ọpọlọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, níbo ni àdákọ́ wà nínú ìtàn yìí?

Àwọn olùwádìí tó tú ìwé kọ́ọ̀sì kan náà wò rí i pé ẹni tó bá jókòó ti ẹlẹgbẹ́, tàbí ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ń fi nǹkan bí máàkì mẹ́ta ju ẹni tó dá a ṣe lọ, bí gbogbo nǹkan yòókù bá tiẹ̀ dọ́gba. Wọ́n tún rí i pé bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló dá sí ìjíròrò inú kọ́ọ̀sì. Nínú àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mi ò ní fi èyí búra pé ẹgbẹ́ ló gbé wọn dé òpin. Ẹni tó ti ní in lọ́kàn láti parí lè jẹ́ ẹni náà tó ń wá ẹgbẹ́ kiri. Síbẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ka nọ́ńbà yìí tí á fi jẹ́ pé ẹni tó ń dá a ṣe ló ṣe dáadáa jù.

Kí ni ẹgbẹ́ ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé.

Kọ́ọ̀sì Excel ni a ń ṣe, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò nínú àwọn àpótí kéékèèké; B1 ni àpótí tó wà ní òpó B, ìlà kìíní. Èmi ni mo ń jí ní aago kan òru láti dáńlóòdù fídíò nígbà tí dátà òru pọ́ọ́kú. Àárọ̀ ni màá pín in fún àwọn yòókù. Ibì kan wà tí olùkọ́ ti ní kí a fi ààmì dọ́là síwájú lẹ́tà àti síwájú nọ́ńbà nínú fọ́múlà. Ìgbà mẹ́rin ni mo wo fídíò yẹn. Mo mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá fi dọ́là sí i, ìṣirò mi á dàrú. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni kò yé mi.

Ọ̀kan nínú wa ń ta táìsì ilẹ̀ ilé ní Dei-Dei. Òun ló ní: "Ẹ wò ó, bí ẹ bá ń fa fọ́múlà wá sísàlẹ̀, gbogbo àdírẹ́sì inú ẹ̀ ló ń bá a rìn. B1 á di B2, B2 á di B3. Ewúrẹ́ tí wọn ò so ni. Dọ́là yìí ni okùn àti èèkàn. Ibi tí ẹ bá so ó mọ́, ibẹ̀ ló máa wà." Ó ní owó ọkọ̀ lórí páálí táìsì kan ni òun fi sínú B1, àwọn oníbàárà òun sì tò lọ sísàlẹ̀, bí òun ò bá so B1 mọ́lẹ̀, oníbàárà kejì á máa san owó ọkọ̀ tí kò sí níbì kankan.

Kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó ti yé wa. Ṣùgbọ́n òun tó ṣàlàyé gan-an ló jèrè jù. Bó ṣe parí ni nọ́ọ̀sì tó ń wá láti Gwagwalada bi í pé, bí dọ́là bá wà níwájú lẹ́tà nìkan ńkọ́? Ó dákẹ́. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó dán an wò níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ewúrẹ́ yìí lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì." Fídíò ò lè bi ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kò sì sí olùkọ́ ní Amẹ́ríkà tí á fi ewúrẹ́ ṣàlàyé dọ́là.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì lórí Coursera fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máàkì iṣẹ́ ara wọn. Òótọ́ ni pé olùkọ́ kan ò lè ka àròkọ ẹgbàárùn-ún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti máàkì iṣẹ́ ẹni mẹ́ta rí á mọ ibi tí tirẹ̀ ti yẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni jíjọ kẹ́kọ̀ọ́ báyìí kì í ṣe tuntun ní òkè Ọya níbí. Láti 1976 ni National Teachers' Institute ti wà ní Kaduna tó ń kọ́ àwọn tíṣà láìjẹ́ pé wọ́n fi kíláàsì tiwọn sílẹ̀. Ìyá mi gba NCE lọ́dọ̀ wọn nígbà tí a wà ní Sabon Gari, Zaria. Ìwé ni wọ́n fún wọn, ìwé tó ki. Ohun tí mo rántí ju ìwé lọ ni àwọn ìyá tó máa ń wá sílé wa lálẹ́, Yorùbá méjì, Hausa kan, ará Igala kan, àwọn àti àtùpà wọn lórí ẹní. Wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè, wọ́n ń pariwo. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní jíjí ìwé wò.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé Ẹ̀gbọ́n ò rí nǹkan kan. Jíjí ìwé wò wà lóòótọ́. Àwọn baba wa ya àáró sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, bí o bá bá mi ro oko mi lónìí, màá bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, o pe àwọn ènìyàn, o sè, o fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ṣe iṣẹ́ rẹ tán, wọ́n lọ. Ọ̀wẹ̀ dára fún ilé mímọ. Ẹni tó bá fi ọ̀wẹ̀ bẹ ènìyàn kí wọ́n bá òun dáhùn ìbéèrè kọ́ọ̀sì, ilé rẹ̀ á dúró, àmọ́ kò ní mọ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n. Òfin àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyí kì í sábà ṣòro: ẹ lè jọ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ bó ṣe wù yín, ìdáhùn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kálukú.

(Ẹ má sì wá pe ẹgbẹ́ WhatsApp ọgọ́rùn-ún méjì ènìyàn, tí wọ́n ti ń fi àdúrà òwúrọ̀ àti ìpolówó ràkúnmí Sallah ránṣẹ́, ní ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́. Mo ti wà nínú mẹ́ta. Ẹni márùn-ún, ẹni mẹ́fà, ó tó.)

Tiwa ni pé kálukú á kọ́kọ́ bá a jà fúnra rẹ̀ títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ibi tó bá ti há ló ń gbé wá sí Sátidé. Tó bá wá kan ìdánwò, a ò gbọdọ̀ jókòó pa pọ̀.

Sátidé tó kọjá ni a ṣe ìdánwò ìparí. Nọ́ọ̀sì wọ inú mọ́tò rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Oníṣòwò táìsì jókòó sídìí kànga. Àwọn méjì gba ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi wà lábẹ́ igi máńgòrò, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n jáde, wọ́n wò wá yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra rìn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ ti jà ni?"