Òbí wa tó ti dàgbà ní England: ṣé ilé ni, àbí ilé ìtọ́jú?

Ní oṣù keje ọdún 2024, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìnáwó Britain, kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé gbèdéke £86,000 tí wọ́n fẹ́ fi lé iye tí ẹnì kan máa san fún ìtọ́jú ara rẹ̀ ní England. Àwọn kan gbọ́ ọ bíi pé káńsù ò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Kí ló wá yí padà?

Kò sí. Oṣù kẹwàá 2025 ni gbèdéke náà ì bá bẹ̀rẹ̀. Òfin tó wà tẹ́lẹ̀ la ṣì ń lò: ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ ló ń san gbogbo owó ìtọ́jú rẹ̀.

Irú ìtọ́jú wo ló tọ́ sí Màmá?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, torí pé "home" la ń pe gbogbo rẹ̀. Bí Màmá bá ṣì ń dìde, tó jẹ́ pé ìwẹ̀ àti oògùn ló ń nira, olùtọ́jú lè máa wá bá wọn nílé láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí àtẹ̀gùn ilé bá ti di ewu, àwọn ilé kékeré kan wà tí wọn á ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn, tí olùtọ́jú sì wà nínú ọgbà kan náà. Ní "residential home", tọ̀sán tòru ni àwọn olùtọ́jú wà níbẹ̀ láti wẹ̀ fún wọn, láti wọṣọ fún wọn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ń wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. "Nursing home" ló ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní gbogbo wákàtí, fún egbò tí kò jinná tàbí oúnjẹ tó ń gba inú rọ́bà wọlé.

Àrùn ìgbàgbé nìkan kò sọ nursing home di dandan. Òru ni kí ẹ wò. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde? Ṣé wọ́n ń ṣílẹ̀kùn jáde? Ẹni tó ń tọ́jú wọn, ṣé ó ń rí oorun sùn?

Ṣé kò ní dà bíi pé a kọ̀ wọ́n sílẹ̀?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò sọ pé inú yàrá ọmọ ló ti gbọ́dọ̀ mu ún. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó tún ń dá gbé ìyá rẹ̀ dìde, lè ṣe ìyá àti ara rẹ̀ léṣe.

Ta ló máa yẹ̀ wọ́n wò láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n nílò?

Káńsù ni, lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ òfin ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Care Act 2014, iye yòówù kí wọ́n ní ní báńkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà wa ń múra de àlejò: Màmá á wé gèlè, wọ́n á ní "A dúpẹ́, kò sí wàhálà", òṣìṣẹ́ á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kó tó dé. Bí àìsàn bá ni olórí ìdí, ẹ bèèrè "continuing healthcare", torí NHS, ètò ìlera ìjọba, lè san gbogbo rẹ̀.

Ṣé wọ́n máa ta ilé wọn?

Bí ọkọ tàbí aya wọn bá ṣì ń gbé ibẹ̀, káńsù ò ní ka ilé náà mọ́ owó wọn. Bí wọ́n bá ń dá gbé, a lè bá káńsù ṣàdéhùn láti san owó náà nígbà tó bá yá. Ẹ má sáré kọ ilé sórúkọ ọmọ: bí káńsù bá rí i pé torí owó ìtọ́jú ni, wọ́n á ṣírò rẹ̀ bíi pé ti òbí yín ni síbẹ̀.

Bàbá tó wá kí wa láti Ìbàdàn ńkọ́?

Ẹ rí agbẹjọ́rò físà kí ọjọ́ tí físà wọn máa parí tó pé.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?

Ilé tí ẹ ò tíì fojú rí. Ẹ ka àbọ̀ CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ní England, lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ síbẹ̀ lásìkò oúnjẹ. Gẹ̀ẹ́sì lè kúrò lẹ́nu ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà ṣáájú Yorùbá. Nítorí náà, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè: bí Màmá bá ní "omi" láago mẹ́ta òru, ta ló máa gbọ́?