Íntánẹ́ẹ̀tì Wa Kì í Ti Ojú Ọ̀run Wá

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, òkè ni ọ̀pọ̀ wa máa ń na fóònù sí. Wọ́n á ní sátẹ́láìtì ni kò ṣe dáadáa. Ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀, àwọn tó kàwé náà sì ń sọ ọ́: pé láti ojú sánmọ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bọ́ sínú fóònù.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀ kò ju òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ládùúgbò lọ. Láti ibẹ̀, wọ́n á máa ta á látaré láti òpó dé òpó, títí yóò fi bọ́ sínú wáyà fáíbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wáyà yẹn á gbé e dé etí òkun l'Ékòó, á sì wọ omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbà lọ. Wáyà MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, wá láti Pọ́túgà dé Lekki, nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Equiano, ti Google, gúnlẹ̀ sí Lomé ní Tógò ní oṣù kẹta 2022, ó sì dé Èkó ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Níbi tí òkun ti jìn, wáyà náà kò nípọn ju rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò lọ. Fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sáré gba inú wọn. Láti Pọ́túgà dé Èkó, ìmọ́lẹ̀ yẹn kò lò tó ìdá kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn sátẹ́láìtì àtijọ́ sì rèé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 36,000 kìlómítà sókè. Ká béèrè nǹkan kí èsì tó dé, ó lé ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ rántí 14 oṣù kẹta 2024. Wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì dákẹ́ ní Nàìjíríà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ní Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Côte d'Ivoire. Sátẹ́láìtì kọ́ ló bàjẹ́.

Starlink ńkọ́? Lóòótọ́, sátẹ́láìtì ni tirẹ̀ ń lò, ó sì ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Abúlé tí fáíbà kò dé ń jàǹfààní rẹ̀ gan-an. Àmọ́ sátẹ́láìtì yẹn náà ń já ẹrù rẹ̀ sí ibùdó kan lórí ilẹ̀, fáíbà ló sì ń gbé e lọ láti ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó bá ń wòkè kò ní mọ ẹni tó yẹ kó bi léèrè. Etí òkun l'Ékòó ti kún fún wáyà. Láti ibẹ̀ dé Ṣakí ni iṣẹ́ kù sí. Kí ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́ ojú ọ̀nà láti ri fáíbà, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ó gbọ́dọ̀ sanwó fún ìjọba ìpínlẹ̀, lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn gómìnà fẹnu kò sí 145 náírà. Èkìtì mú un lò ní oṣù karùn-ún 2020. Ẹ béèrè iye tí ìpínlẹ̀ tiyín ń gbà.