Àṣìlò ọ̀rọ̀ àti àṣìkọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àṣìlò ọ̀rọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ kan sí àyè òmíràn tó jọ ọ́ ní ìró tàbí ní ìrísí, bíi kí ó kọ “their” níbi tó yẹ kí ó kọ “there”. Àṣìkọ ni kí ó fi lẹ́tà tí kò yẹ kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lò gan-an, bíi “seperate” dípò “separate”. Oríṣi méjèèjì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n bí sínú èdè náà àti àwọn tó kọ́ ọ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ti fi etí mọ ọ̀rọ̀ tipẹ́ kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn kò yàtọ̀ síra ló máa ń dà á láàmú jù. Àṣìṣe ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn èdè mìíràn sábà máa ń gba inú ìró èdè àkọ́kọ́ náà wá.

Ìdí tí àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣòro

Lẹ́tà 26 ni álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ní, bẹ́ẹ̀ ni ìró inú èdè náà lé ní 40. Ìtàn tún dá kún ìṣòro náà. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, Faransé di èdè ààfin, àwọn akọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlànà Faransé kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí “cwen” ṣe di “queen” nìyẹn. Ní 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé títẹ̀ ń so àkọtọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè àwọn fáwẹ̀lì gígùn èdè náà ṣì ń yí padà lọ́wọ́ ní àsìkò kan náà. Ìpè ṣí lọ, lẹ́tà kò tẹ̀ lé e. Lẹ́tà “k” tó ṣáájú “knight” kò sì jẹ́ ọ̀ṣọ́: wọ́n ń pè é nígbà kan rí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà tún dá tiwọn sí i. “Dette” ni wọ́n ń kọ “debt” tẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ èdè Látìnì ló mú kí wọ́n ki “b” bọ inú rẹ̀, kí ó lè jọ “debitum”. Ti “island” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò bá “isle” tan rárá. Wọ́n kàn rò pé ó bá a tan ni, wọ́n sì fi “s” rẹ̀ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ “iland” lónìí ti pàdánù máàkì, ṣùgbọ́n bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́ nígbà kan rí nìyẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra

Lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù ni “its” àti “it's”. Àmì kékeré tó wà lókè ọ̀rọ̀ kejì fi hàn pé a yọ lẹ́tà kúrò, pé “it is” tàbí “it has” ni. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnìkan tàbí ti ohun kan. Ọ̀rọ̀ náà pàápàá kò tíì dàgbà púpọ̀, nítorí ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló wọlé, àwọn òǹkọ̀wé sì fi àmì náà kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà.

“Stationary” ń tọ́ka sí ohun tó dúró lójú kan, “stationery” sì jẹ́ tákàdá àti ohun ìkọ̀wé. Orísun kan náà ni wọ́n ní: òǹtàwé ayé àtijọ́ tó ní ìsọ̀ tirẹ̀, tí kì í kiri ọjà, ni wọ́n ń pè ní “stationer”. Ní ti “affect” àti “effect”, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́, ọ̀rọ̀-orúkọ ni èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “effect” náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tó bá túmọ̀ sí kí a mú nǹkan ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ Yorùbá

Láti ìgbà àpérò àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875, títí dé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ti 1966, ohun tí a ń lépa nínú kíkọ Yorùbá ni pé kí lẹ́tà sún mọ́ ìró tímọ́tímọ́. Ọmọ tó kọ́kọ́ kàwé ní ìlànà yìí máa ń retí pé bí Gẹ̀ẹ́sì náà yóò ṣe rí nìyẹn.

Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró tí lẹ́tà “v” àti “z” dúró fún, kò sì ní èyí tí “ch” tàbí “th” dúró fún. Ẹlẹ́rìí tó dára jù ni àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wa: “television” di tẹlifíṣọ̀n, “church” di ṣọ́ọ̀ṣì, “theatre” di tíátà. Nígbà tí “z” bá di “s” lẹ́nu, “advice” tó jẹ́ ìmọ̀ràn àti “advise” tó jẹ́ kí a gbani nímọ̀ràn di ọ̀rọ̀ kan náà. “Loose” àti “lose” náà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni “price” àti “prize”. Nígbà tí “ch” bá di “ṣ”, “cheap” lè bọ́ sí ipò “sheep”. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe “ṣ” bíi “s”, “sell” àti “shell” pẹ̀lú lè pàdé.

Ti fáwẹ̀lì ló pọ̀ jù. Méje ni fáwẹ̀lì àìránmúpè Yorùbá, ìró “i” kan ṣoṣo ló sì ń dúró fún méjì Gẹ̀ẹ́sì, ti “live” àti ti “leave”. Bí olùkọ́ bá ń ka díkítéṣọ̀n, tó sì pe “He is leaving here” pẹ̀lú “i” kúkúrú Yorùbá, ìdajì kíláàsì lè kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ń gbé ibẹ̀, nígbà tí ìdajì yòókù kọ ọ́ pé ó ń kúrò níbẹ̀. Kò sí ọmọ kankan nínú wọn tí etí rẹ̀ di. Irú rẹ̀ ni kóòtù: aṣọ tí lọ́yà wọ̀ àti ilé tó ń lọ rojọ́, kóòtù ni méjèèjì ní Yorùbá, ṣùgbọ́n “coat” àti “court” ni Gẹ̀ẹ́sì ń kọ.

Lẹ́tà méjì-méjì jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí àṣìkọ ń gbà wọlé. “Accommodate” ní “c” méjì àti “m” méjì, “necessary” ní “c” kan àti “s” méjì, “embarrass” ní “r” méjì, ṣùgbọ́n “harass” ní ẹyọ kan. Yorùbá òde òní kì í kọ kọ́nsónáǹtì ní méjì-méjì báyìí. Àkọtọ́ àtijọ́ ṣe é, èyí tó fi jẹ́ pé a ṣì ń rí “Offa”, “Otta” àti “Ebute Metta” lórí pátákó òpópónà.

Ìyàtọ̀ Britéènì àti Amẹ́ríkà

Ìwé atúmọ̀ èdè Samuel Johnson, tó jáde ní 1755, ran àkọtọ́ Britéènì lọ́wọ́ láti fìdí múlẹ̀. Ti Noah Webster, ní 1828, gbé “color” àti “center” ga ní Amẹ́ríkà. “Colour” àti “centre” ni ilé ìwé Nàìjíríà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ka ti Amẹ́ríkà sí àṣìkọ bí ẹni tó kọ ọ́ bá dúró lórí ìlànà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìkọ máa ń rí “seperate”, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìlò ló máa ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́: “form” tí a kọ dípò “from” jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, àyàfi kí ètò náà lè wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká, bí àwọn tuntun kan ṣe ń ṣe.