Bí ìbọn Dominator ṣe ń dájọ́ nínú Psycho-Pass, àti ibi tí eré náà ti kù díẹ̀ káàtó

Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa Psycho-Pass, eré ánímè (eré àwòrán àwọn ará Japan) tí ilé-iṣẹ́ Production I.G ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n á ní eré náà dá lórí ẹ̀rọ kan tó ń rí ọ̀la, tó ti mọ ẹni tí yóò pànìyàn kí ẹni náà tó mú ọ̀bẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ètò Sibyl, tó ń ṣàkóso Japan inú eré náà ní nǹkan bí ọdún 2112, kò rí ọ̀la, kò sì bìkítà nípa ohun tí ènìyàn ti ṣe sẹ́yìn. Ohun tó ń wò ni bí ọkàn ènìyàn ṣe rí ní àkókò tí ojú ẹ̀rọ bà á. Ẹni tí kò bá di ìyàtọ̀ yìí mú yóò máa wo eré náà bí eré ìbọn lásán, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀rọ wà ní òpópónà, ní ibùdókọ̀, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, gbogbo wọn ló ń wo ọkàn àwọn tó ń kọjá. Nǹkan méjì ni wọ́n ń mú jáde: àwọ̀ ọkàn, tí ará ìlú lè rí fúnra rẹ̀, tó máa ń ṣókùnkùn bí ìdààmú bá ṣe ń pọ̀ sí i, àti òǹkà ìwà ọ̀daràn, èyí tí àwọn agbófinró ń lò. Ìgbà tí wọ́n bá na ìbọn Dominator sí ènìyàn ni òǹkà yìí ń di ọ̀ràn ìyè àti ikú. Ìbọn náà kì í dá pinnu. Ó máa ń kọ́kọ́ yẹ ẹni tó dì í mú wò bóyá ó láṣẹ láti lò ó, lẹ́yìn náà ni yóò fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí Sibyl, tí Sibyl yóò sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí òǹkà náà kò bá tó 100, ìbọn á tì pa, kò sí bí ọlọ́pàá ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní yìn. Láti 100 dé 299, ohun tó máa yìn á mú ẹni náà rọ jọwọrọ, á sì ṣubú lulẹ̀. Tó bá ti di 300 sókè, ìbọn á yí ìrísí rẹ̀ padà, ẹni tí ó bá bà á á sì túká pátápátá. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí agbẹjọ́rò, kò sí adájọ́ tó jókòó. Ohùn kan tí ẹni tó di ìbọn mú nìkan ń gbọ́ ló ń ka ìdájọ́ sí i létí.

Ohun tó sún mọ́ ètò yìí jù lọ ni ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ìbà. Ẹ̀rọ ìbà kì í purọ́: bí ara bá gbóná, yóò ní ó gbóná. Ṣùgbọ́n ara ẹni tí ibà kọlù máa ń gbóná, ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oòrùn ṣiṣẹ́ máa ń gbóná, ara ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ náà sì lè gbóná. Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ooru ti wá. Bí wọ́n bá wá fún nọ́ọ̀sì láṣẹ pé kí ó pa ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá ìwọ̀n kan, ètò Sibyl nìyẹn. Àfiwé náà tún ń bá eré náà lọ síwájú sí i, nítorí pé nínú Psycho-Pass ìdààmú ọkàn máa ń ràn bí àìsàn. Ẹni tó bá rí ìwà ipá, àwọ̀ tirẹ̀ náà lè ṣókùnkùn, àwọn ọlọ́pàá tó ń lépa ọ̀daràn lójoojúmọ́ ló sì súnmọ́ ewu náà jù. Ìdí nìyí tí ìjọba fi pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn Ìnsípẹ́kítọ̀, tí ọkàn wọn ṣì mọ́, máa ń dúró sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Enforcer, tí òǹkà wọn ti kọjá ààlà tipẹ́, ni wọ́n ń rán lọ síwájú, bí ìgbà tí ìlú tí àrùn wọ̀ bá ní kí àwọn tí àrùn náà ti mú rí lọ máa tọ́jú aláìsàn. Shinya Kogami, tó ti jẹ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di Enforcer, jẹ́ ẹ̀rí bí ènìyàn ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì.

Apá kìíní kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ kó tó hàn. Akane Tsunemori, Ìnsípẹ́kítọ̀ tuntun, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni. Ọkùnrin kan jí obìnrin gbé, ó sì fìyà jẹ ẹ́; wọ́n pa ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ tọ́ sí kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba obìnrin náà débi pé òǹkà tirẹ̀ náà ti ga sókè, nígbà tí wọ́n na Dominator sí i, ìbọn náà pàṣẹ ikú. Kogami fẹ́ yìn ín. Akane bá yin Kogami fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tu obìnrin náà nínú, bẹ́ẹ̀ iná ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín epo tó ti dà sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ létí ni òǹkà ń wálẹ̀, títí tí ìbọn fi kúrò ní ti ikú, tí ọ̀gá Akane sì fi yin èyí tó ń mú ènìyàn rọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nípa òfin, nígbà tí òfin kò sì ṣe àṣìṣe kankan gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀. Gen Urobuchi, ẹni tó kọ ìtàn ìpele kìíní, fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo gbé gbogbo ẹjọ́ náà kalẹ̀, ó sì lo apá mọ́kànlélógún tó kù láti máa tú u wò.

Láti ibẹ̀ lọ, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ láti ìhà oríṣiríṣi. Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹnìkan láàárín wọn ṣẹ̀sín lójoojúmọ́, ọ̀gá wọn sì gbà á láyè, nítorí pé ẹ̀sín náà ń jẹ́ kí àwọ̀ ọkàn àwọn yòókù mọ́. Ọkàn ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nìkan ló ń dúdú. Nígbà tí ó yá, Shogo Makishima dé, ọkùnrin tó ń kó ikú bá ènìyàn láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ mì rárá. Ó di abẹ sí ọ̀rùn Yuki, ọ̀rẹ́ Akane, Akane sì na Dominator sí i. Òǹkà tó yẹ kó máa ga ń wálẹ̀ ni. Makishima ju ìbọn ọdẹ sí Akane pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ín sí òun. Akane kò lè pa á, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ẹ̀rọ ti ń bá a pinnu, Yuki sì kú lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àṣíborí kan jáde tó ń da àwọ̀ ọkàn ẹlòmíràn tó wà nítòsí kọ. Ọkùnrin tó dé e fi òòlù pa obìnrin ní gbangba, àwọn ènìyàn sì dúró wò ó, wọn kò lóye ohun tí wọ́n ń rí, nítorí pé ìlú tí ẹ̀rọ ń bá mọ ibi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dá ibi mọ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti jinlẹ̀ jù ni ìdí tí Sibyl kò fi lè mú Makishima. Ọpọlọ ènìyàn 247 ló para pọ̀ di Sibyl, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ọ̀daràn tó dà bíi Makishima, tí òǹkà kò lè rí. Ẹni tí òṣùwọ̀n kò bá lè wọ̀n, wọ́n á sọ ọ́ di ara òṣùwọ̀n. Ó jẹ́ ìdáhùn tó bá ìlànà tí wọ́n ti ń tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ mu, ó sì dùn mọ́ni láti rí eré tí kò sá fún ohun tí òfin tirẹ̀ yọrí sí. Nígbà tí Kagari, Enforcer tí wọ́n ti sàmì ọ̀daràn sí lára láti ọmọ ọdún márùn-ún, bá àṣírí náà pàdé nísàlẹ̀ ilẹ̀, Dominator tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kọ́kọ́ ní òǹkà rẹ̀ kò tó ti ikú. Lójú ẹsẹ̀ ìbọn náà yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì pa á. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ ìlànà ìbọn náà láti apá kìíní yóò mọ̀ pé onílé ló fọ́ òfin ilé.

Àléébù ìpele kìíní kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n hàn. Eré náà kò sọ ìdí tí ọkàn irú Makishima kò fi hàn sí ẹ̀rọ; ó kàn sọ pé irú wọn wà, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ìtàn dúró lé. Ète Makishima láti ba ọkà tí gbogbo Japan ń jẹ jẹ́ bọ́ sí ìparí jù, kò sì ráyè gbilẹ̀. Makishima àti Kogami tún fẹ́ràn láti máa fa ọ̀rọ̀ inú ìwé yọ, nígbà mìíràn ní àkókò tí ó yẹ kí ìṣe sọ̀rọ̀. Èyí tó wúwo jù ni bí àwòrán ṣe ń pẹ́ lórí òkú àwọn ọmọbìnrin, pàápàá níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń fi òkú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ère. Eré tó ń bi wá léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wòran nígbà tí wọ́n ń fi òòlù pa obìnrin kò gbọdọ̀ sọ àwa náà di òǹwòran.

Ìpele kejì, tó jáde ní ọdún 2014 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Tatsunoko, ní ìbéèrè tó le ju ti ìpele kìíní lọ: ṣé a lè wọn ọkàn ẹgbẹ́ bí a ṣe ń wọn ti ẹnìkan? Ẹ̀rọ kò rí Kirito Kamui, ọ̀daràn tí wọ́n ń lépa nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà ara àwọn ọmọ 184 tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi tún ara rẹ̀ ṣe. Láti dá a lẹ́jọ́, Sibyl gbọ́dọ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jẹ́ ẹnìkan níwájú òfin, bí ó bá sì gbà bẹ́ẹ̀, òun náà yóò bọ́ sábẹ́ ìbọn. Ìbéèrè ńlá ni, ṣùgbọ́n apá mọ́kànlá péré ni wọ́n fi bójú tó o, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí ìbọn dojú kọ Sibyl, Sibyl yọ àwọn ọpọlọ tó ń gbé òǹkà rẹ̀ ga dànù, ó sì ń báṣẹ́ lọ. Bí Sibyl bá lè wọn ẹgbẹ́ kan, ó lè wọn àdúgbò kan, tàbí odidi ìlú. Ọ̀rọ̀ náà kàn wáyé ní ìparí ni, bẹ́ẹ̀ ó tó ohun tí ìpele kan gbáko yẹ kó dúró lé lórí.