Ìpín owó ìjọba àti àìdọ́gba ọrọ̀ láàrin àwọn ẹkùn Nàìjíríà

Ìpín owó ìjọba ni ètò tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ 36 àti ìjọba ìbílẹ̀ 774 fi ń pín owó tó wọ àpò ìjọba. Láti 1954, tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ti gba agbára tirẹ̀, ni wọ́n ti ń yí ètò náà padà.

Ìgbà kòkó

Ní 1954, wọ́n pín àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ta irè oko fún ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kòkó ni agbára Ìwọ̀ Oòrùn. Àríwá ní ẹ̀pà àti òwú, Ìlà Oòrùn ní epo pupa àti èkùrọ́. Kí ọjà kòkó tó ṣí lọ́dọọdún, bọ́ọ̀dù á ti dá iye tí wọn yóò san lórí tọ́ọ̀nù kan. Àgbẹ̀ á kó kòkó gbígbẹ lọ bá ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti rà á, òṣìṣẹ́ ìjọba á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bu. Iye tí bọ́ọ̀dù ń tà á lókè òkun sábà máa ń ju èyí tó san fún àgbẹ̀ lọ, èrè yẹn ni ìjọba ẹkùn sì ń rí yá. Wọ́n sábà máa ń so ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 àti Ilé Kòkó n'Íbàdàn (1965) mọ́ owó kòkó. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ka èrè náà sí owó orí tí àgbẹ̀ san láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í pọ̀ nínú ìtàn àṣeyọrí ẹkùn náà.

Ìgbà epo rọ̀bì

Wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní ibi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí, ní 1956. Ìgbìmọ̀ Raisman (1958) dá a lábàá pé kí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwakùsà padà sí ẹkùn tó ti wá. Lẹ́yìn tí Gowon pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, ìpín náà ń já wálẹ̀: 45% ní 1970, 20% ní 1975. Ní 1992, 3% ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn agbègbè ìwakùsà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní 13%. Ó jọ pé bí epo ṣe ń gba ipò irè oko ni ẹ̀tọ́ ibi tí owó ti ń wá ń dín kù.

Ipò lónìí

Nínú àpò àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72%, ìjọba ìbílẹ̀ 20.60%. Owó VAT, ìyẹn owó orí lórí ọjà àti iṣẹ́, ní ìlànà tirẹ̀.

Ìwádìí ìjọba ní 2022, tó fi ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ipò ìgbé-ayé wọn òṣì, rí i pé 27% àwọn ará Oǹdó ló jẹ́ òtòṣì, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 91% ní Sókótó. Bayelsa, tó ń gba owó epo, wà ní nǹkan bí 88%.