Dáfódìlì kékeré ní Àjàṣẹ́: òtútù ló ń wá, kì í ṣe omi

Ẹni tó bá gbin dáfódìlì kékeré, òdòdó òyìnbó kan, sí ẹ̀yìnkùlé ní Àjàṣẹ́ yóò rí ewé. Ewé ọ̀hún á tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n òdòdó ò ní yọ. Wọn á ní ilẹ̀ ni kò dára, wọn á bu ajílẹ̀ sí i, wọn á tún bomi rin ín. Kò sí èyí tó ń ṣe é nínú méjèèjì. Òtútù ni kò rí.

Ilẹ̀ Sípéènì, Pọ́túgà àti Mòrókò ni ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ti ń lalẹ̀ hù. Ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà, oúnjẹ ló sì wà nínú àwọn ìpele rẹ̀. Bí òdòdó bá rẹ̀ tán, ewé á máa ti ara oòrùn ṣe oúnjẹ, á máa fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tó gbẹ. Ẹni tó bá wò ó nígbà náà á ní ó ti kú. Àsìkò yẹn gan-an, nínú ooru, ló ń dá òdòdó ọdún tó ń bọ̀ sínú ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń tà lọ́jà, tí wọ́n kọ narcisse, orúkọ rẹ̀ lédè Faransé, sára páálí rẹ̀, ti lóyún òdòdó kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Òtútù ni agbẹ̀bí rẹ̀: ìwọ̀n 5 sí 9 Celsius, fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 15. Òun ló ń sọ oúnjẹ inú rẹ̀ di ṣúgà, tó sì ń jẹ́ kí ọ̀pá òdòdó lè nà jáde. Bí kò bá rí i, òdòdó á gbẹ sínú.

Ọyẹ́ ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, òru ọyẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń mú ju ti Àjàṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọyẹ́ tó ń wà ní ìwọ̀n 9 tọ̀sántòru fún oṣù mẹ́ta.

Ó ku fírígò. Ibí yìí ni kíkéré rẹ̀ ti wúlò. Tête-à-tête, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn kéékèèké, ò ga ju bí 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà agolo mílíìkì tí wọ́n dá ihò sí nídìí tó o, agolo náà á sì wọ fírígò lódindi. Ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́ máa ń lẹ̀ bó bá mu omi, ó sì lè mú ìdí rẹ̀ jẹrà; yanrìn púpọ̀ ni kí wọ́n pò mọ́ ọn. Kí ṣóńṣó orí rẹ̀ yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀, kí ilẹ̀ sì tutù láì kún fún omi. Ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀fọ́ sí, ni àyè rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín. Gbòǹgbò á máa ta nínú òkùnkùn ibẹ̀.

Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, ethylene, tó ń pa òdòdó náà mọ́nú. Ilé tí èso kì í kúrò nínú fírígò wọn, kí wọ́n má wulẹ̀ dáwọ́ lé e. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ìdí dáfódìlì jọ àlùbọ́sà, májèlé tó ń jẹ́ lycorine sì wà nínú rẹ̀, tó ń mú èèbì àti inú rírun wá. Bí iná bá lọ lálẹ́ tí ẹnì kan ń se ọbẹ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Èyí tó wà nínú agolo pẹ̀lú ilẹ̀ lórí, kò sẹ́ni tó máa hú u sí ọbẹ̀.

Àárín oṣù kẹsàn-án ló yẹ kó wọ fírígò, kó lè jáde lópin ọdún nígbà tí òru ti rọlẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń kàn án, ló dára jù. Ooru ọ̀sán ò ní jẹ́ kí òdòdó pẹ́. Nílẹ̀ olótùútù, wọ́n máa ń fi ewé sílẹ̀ kó tún kó oúnjẹ jọ. Níhìn-ín, ooru ò ní jẹ́ kó rí kó jọ tó. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì wọ́n.

Ẹni tí kò bá fẹ́ irú wàhálà yẹn, ìbátan dáfódìlì kan wà nínú igbó tiwa, Scadoxus multiflorus, olórí pupa rìbìtì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀ fi ń ka ọjọ́. Á sùn sínú ilẹ̀ gbígbẹ, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òdòdó á yọ, nígbà mìíràn kí ewé tó dé. Abẹ́ ibòji ló fẹ́. Omi tí wọ́n bá ń bu sí i nígbà tó ń sùn ló ń bà á jẹ́. Májèlé wà nínú tirẹ̀ náà, kí wọ́n ṣọ́ ọmọdé àti ewúrẹ́ nídìí rẹ̀.