Ọtí tẹ́ ẹ mu ní wíkẹ́ǹdì àti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀ tẹ́ ẹ ṣe ní Mọ́ńdè

Láàbù kékeré kan ní Ṣàbó, Ìkòròdú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá kan tó ń wa yanrìn létí ọ̀sà gbé èsì ẹ̀ wá, wọ́n ti ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ó dẹ̀ ṣeé ṣe kó ti lápàá. Ohun tó bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n gbà, báwo ni wọ́n ṣe rí ẹ̀dọ̀ mi?

Ìdáhùn: Wọn ò rí i, ìṣirò ni wọ́n ṣe. FIB-4 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á mú ọjọ́ orí yín × AST (òun àti ALT ni èròjà tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ bá fara pa), wọ́n á wá fi platelet (èyí tó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì tá a bá fara gé) × square root ALT pín in. Tó bá wà lábẹ́ 1.3 kò fi bẹ́ẹ̀ sí wàhálà, tó bá ti ju 2.67 lọ wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò míì.

Ìbéèrè: Ibo ni ọtí ti wá wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọtí máa ń gbé AST sókè ju ALT lọ, ó tún ń dí mùdùnmúdùn eegun lọ́wọ́ níbi tí platelet ti ń wá, platelet á bá dínkù. Ká ní ẹni ọdún 46 ni, AST 84, ALT 36, platelet 160: 3864 tẹ́ ẹ bá fi 960 pín in, ó ju 4 lọ, àyà á já. Ká ní ó wá fi ọtí sílẹ̀ lóṣù kan, AST bọ́ sí 30, ALT 25, platelet gòkè sí 230, 1.2 ló máa já sí. Èèyàn kan náà o! Iṣan ara náà ní AST, torí náà ẹni tó ru yanrìn títí ilẹ̀ fi ṣú, tiẹ̀ lè gòkè láìmu nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fọkàn balẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọtí fúnra ẹ̀ ń dá àpá sẹ́dọ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ò lè sọ èwo lèwo. Ọ̀rá dẹ̀ lè kún ẹ̀dọ̀ kí AST àti ALT má yí padà rárá, torí àpá ni FIB-4 ń wá, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ bi dókítà nípa scan tó ń wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó.

Ìbéèrè: Èmi ò kúkú mu ọtí, agbo ni mò ń mu.

Ìdáhùn: Mo bi í pé kí ni wọ́n fi rẹ agbo ọ̀hún, ó ní ògógóró. Ọtí nìyẹn náà jàre, páràgà inú gáréèjì náà ọtí ni. Bíà ìgò ńlá 60cl tó jẹ́ 5% ní bíi gíráàmù 24 ọtí gidi nínú. Láti 2023 tí wọ́n ti yí orúkọ àìsàn ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ yìí padà sí MASLD, ọkùnrin tó bá ti ń mu ju gíráàmù 210 lọ lọ́sẹ̀, bíi ìgò mẹ́sàn-án, wọn ò kà á mọ́ ìyẹn mọ́, tobìnrin ò ju 140 lọ.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ̀ ń mu fún dókítà, àtọjọ́ tẹ́ ẹ mu kẹ́yìn, ẹ má fi agbo pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ tí ò bá tíì mu, ẹ jọ̀ọ́, kó má dá já a lójijì nílé, gìrì lè gbé e, dókítà ló yẹ kó bá a ṣe é.

Bọ̀dá yẹn gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: agbo, kọ́ọ̀bù kan láràárọ̀, bíà mẹ́rin ní Sátidé.